Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ra ìwé fíìmù sáyẹ́ǹsì mi: kí n tà á, àbí kí n dì í mú?

Akọ̀wé Wàndó (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbí, alẹ́ ni mo fi ń kọ̀wé. Mo ti parí ìwé eré kan, ojú ewé 118. Nínú ìtàn náà, nǹkan kan já bọ́ láti ojú ọ̀run sáàárín àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, láti ẹnubodè ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ṣọ́jà dé, ìjà dé, wọ́n lé ara wọn títí dé orí afárá Àjàṣẹ́. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, àwọn ṣọ́jà nìkan ló ń sọ Faransé.

Ilé-iṣẹ́ fíìmù kan ní Kùtọnu ti kà á, wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ. 200,000 sẹ́ẹ̀fà ni wọ́n fẹ́ san, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n sì fọwọ́ sí i pé "gbogbo ẹ̀tọ́" ti di tiwọn. Wọ́n tún ní kí n yí i sí Faransé látòkèdélẹ̀, kí n sì yọ nǹkan tó já bọ́ náà kúrò torí owó rẹ̀ á pọ̀ jù, kó kúkú di fíìmù ìjà lásán.

Mi ò fẹ́ kú sídìí tísà. Ìwé fíìmù sáyẹ́ǹsì àti fíìmù ìjà ni mo fẹ́ máa kọ jẹun. Ṣé kí n gbà kí orúkọ mi lè kọ́kọ́ jáde ná? Ṣé kí n kọjá sí Èkó ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu ẹni tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ.

Montáàjì229 (Kùtọnu)

Gbà á, ọ̀gá tísà. Ẹni tí kò tíì lórúkọ kì í ṣa owó. James Cameron tó kọ The Terminator, dọ́là kan péré ló ta ìwé rẹ̀. Dọ́là kan o! Fíìmù náà jáde ní 1984, ẹ wo ibi tí ọkùnrin náà dé lónìí. Ẹ̀yin rí 200,000, ẹ tún ń rò ó. Ọ̀rọ̀ nǹkan tó já bọ́ yẹn náà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi ni mò ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ṣe irú àwòrán bẹ́ẹ̀, mo mọ ohun tó ń gbà.

Ọmọ Kétu l'Ékòó

Montáàjì, ìtàn yẹn kò délé lẹ́nu rẹ. Lóòótọ́, dọ́là kan ni, Gale Anne Hurd tó ṣe fíìmù náà ló sì rà á. Àmọ́ àdéhùn tó wà nídìí dọ́là náà ni pé Cameron fúnra rẹ̀ ni yóò darí fíìmù náà, kò sí ẹlòmíì. Ẹni tó jẹ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn! Ipò olùdarí ló fi ìwé rẹ̀ rà. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, ó ti sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn náà pé ó ń dun òun pé òun ta ẹ̀tọ́ yẹn. Kí ni ilé-iṣẹ́ yìí fi lé tísà lọ́wọ́ yàtọ̀ sí 200,000?

Tísà, mò ń kọ eré orí tẹlifíṣọ̀n níbí. Ọ̀rọ̀ "gbogbo ẹ̀tọ́" yẹn ni kí o fojú sí ju iye owó lọ. Ìwé fíìmù sáyẹ́ǹsì yàtọ̀ sí ìtàn ọkọ àti ìyàwó. Ayé kan lo dá. Apá kejì lè ti inú rẹ̀ jáde, eré alápá púpọ̀ lè ti inú rẹ̀ jáde, ìwé alàwòrán fáwọn ọmọdé, géèmù. Ẹni tó bá ra gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti ra gbogbo ìyẹn mọ́ ọn, bó bá sì jẹ́ ìwọ fúnra rẹ lo fẹ́ kọ apá kejì lọ́la, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ lo máa lọ kàn.

Níbi tí iṣẹ́ yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, olùṣe fíìmù kì í sáré ra ìwé. Ó máa san owó kékeré kan láti fi dì í mú fún oṣù 12 tàbí 18. Láàárín àkókò yẹn o ò lè gbé e fún ẹlòmíì, òun ló máa wá owó kiri. Bó bá rí owó, á san iye tí ẹ ti jọ kọ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá rí, ọjọ́ pé, ìwé rẹ pa dà sílé, owó kékeré yẹn ò sì ní pa dà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, owó ìdìmú yìí sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí wọ́n máa rà á. Torí náà, sọ fún wọn pé 200,000 yẹn dára, kó jẹ́ owó ìdìmú ọdún kan. Ẹni tó fẹ́ ṣe fíìmù máa jókòó bá ọ sọ̀rọ̀. Ẹni tó kàn ń kó ìwé jọ sínú dúrọ́ọ̀ máa bínú, ìwọ náà á sì ti mọ ẹni tí o ń bá ṣe.

Ti Èkó, má kó ẹrù. Iṣẹ́ pọ̀ níbí lóòótọ́, àmọ́ ìdílé, ìfẹ́ àti àwàdà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Fóònù ni wọ́n fi ń pe òǹkọ̀wé, kì í ṣe àdírẹ́sì ilé. Láti ẹnubodè Ìgólò wọlé wá, bá wa ṣèpàdé, máa pa dà lọ.

Tísà Pobè

Ẹlẹgbẹ́ mi, má tíì ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ o. Mo ń kọ eré rédíò láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. N kò tíì mọ ẹnì kan láti Ifọ̀ǹyìn dé Àjàṣẹ́ tó ń fi ìwé fíìmù nìkan sanwó ilé. Àwọn tí mo mọ̀ nídìí ẹ̀, eré ìpolongo tí àwọn àjọ ń ṣe lórí àjẹsára àti omi mímọ́ ló ń bọ́ wọn, títúmọ̀ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fíìmù ló ń bọ́ wọn, ìpolówó ọjà ló ń bọ́ wọn. Kò burú. Eré rédíò ló kọ́ mi bí ènìyàn ṣe ń fi ìró sọ̀tàn, èyí sì wúlò nínú fíìmù ìjà ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ohun kejì: kí o tó fi ìwé yẹn hàn ẹlòmíràn, lọ fi èrò náà sórúkọ ara rẹ ní BUBEDRA, ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, ní Kùtọnu, kí ẹnikẹ́ni má baà lè kọ ìtàn nǹkan tó já bọ́ sí Ṣábẹ̀ẹ́ mọ́ láyé.

Alájàṣẹ́ Paris

Ẹ̀gbọ́n Tísà Pobè, ẹ má bínú, ibì kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká tún ṣe. Kò sí òfin tó ń dáàbò bo èrò lásán, ì báà ṣe ní Bẹ̀nẹ̀, ì báà ṣe níbí. Ohun tí ènìyàn kọ sílẹ̀ ni òfin mọ̀: bí ìtàn ṣe rìn, àwọn ènìyàn inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ẹlòmíì lè kọ nǹkan tó já bọ́ sí Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́la, kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, bí kò bá ti da tísà kọ. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó kọ ọ́. BUBEDRA kọ́ ló ń fúnni, ẹ̀rí ọjọ́ ni ìwé tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ẹni. Síbẹ̀ kó lọ o, ẹ̀rí ọjọ́ yẹn ló máa ń parí ẹjọ́.

Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wa ti 2006 tún yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà níbì kan tó ń ṣe tísà láǹfààní. A lè ta ẹ̀tọ́ àtijẹ owó lórí ìwé, àmọ́ a ò lè ta ẹ̀tọ́ pé kí orúkọ ẹni wà lórí iṣẹ́ ẹni. Bí ìwé àdéhùn wọn bá sọ pé tísà jọ̀wọ́ orúkọ rẹ̀ náà mọ́ ọn, gbólóhùn yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ kí tísà wo iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe Cameron rárá. Dan O'Bannon tó kọ fíìmù Alien ni. Òun àti John Carpenter ló ṣe Dark Star, tó jáde ní 1974, eré akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fà gùn. Owó wọn kéré débi pé bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré létíkun ni wọ́n sọ di ẹ̀dá àjèjì, wọ́n so èékánná mọ́ ọn nísàlẹ̀. Àwàdà ni wọ́n fi ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ó wá sí Paris níbí torí fíìmù Dune tí olùdarí kan, Jodorowsky, fẹ́ ṣe. Owó dàrú, iṣẹ́ túká, O'Bannon pa dà sí Los Angeles láìní ilé, orí àga ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ronald Shusett ló ń sùn. Orí àga yẹn ni wọ́n ti hun Alien. Ẹ̀dá àjèjì nínú ọkọ̀ òfuurufú, tó jẹ́ àwàdà tẹ́lẹ̀, ló sọ di ìbẹ̀rù. Nǹkan tó ń dàgbà nínú ènìyàn tó sì bẹ́ jáde láti àyà rẹ̀, àìsàn ìfun tó ń bá O'Bannon fínra títí tó fi kú ní 2009 ló ní ó ti inú rẹ̀ wá. Giger tó ya ẹ̀dá náà, Paris ni O'Bannon ti mọ̀ ọ́n, nídìí iṣẹ́ tó túká yẹn.

Wàyí o, ibi tó kan tísà gan-an. Walter Hill àti David Giler, tí wọ́n wà lára àwọn olùṣe fíìmù náà, gba ìwé náà, wọ́n tún un kọ, àwọn ló fi rọ́bọ́ọ̀tì tó dà bí ènìyàn sínú rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí orúkọ tiwọn wà lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé fíìmù ní Amẹ́ríkà jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní O'Bannon nìkan ló kọ ìwé eré, òun àti Shusett ló ni ìtàn. Àwa ò ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tó lè gbèjà ẹni. Ìwé àdéhùn rẹ nìkan ni ẹgbẹ́ rẹ.

Montáàjì229 (Kùtọnu)

Ọmọ Kétu, mo gbọ́, mo gba ti dọ́là kan yẹn. Ṣùgbọ́n Hollywood lẹ ń sọ, Kùtọnu lèmi wà. Mo bẹ tísà, kó da ojú ewé kan sílẹ̀ níbí, níbi tí nǹkan yẹn ti já bọ́, kí n fi ohun tí olùṣe fíìmù ń rí hàn yín.

Akọ̀wé Wàndó (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n Paris, Ọmọ Kétu, gbogbo yín. Ó rèé, ojú ewé 6:

ÌTA. ÒKÈ ṢÁBẸ̀Ẹ́. ALẸ́.
Ọkọ̀ òfuurufú ràgàjì kan ń bọ́ láti ojú ọ̀run, iná ń jó gbogbo ara rẹ̀. Ó la òkè sí méjì. Ilẹ̀ mì títí dé Kétu. Ẹgbẹ̀rún ṣọ́jà sáré jáde. Rọ́bọ́ọ̀tì kan tó dé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sórí jáde láti inú ọkọ̀ náà. Ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀.

Montáàjì229 (Kùtọnu)

Ẹ wò ó bí? Ìlà mélòó nìyẹn? Owó ilé mẹ́ta ló wà níbẹ̀. "Ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀" nìkan, ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n máa fi ya á, n kò sì tíì mọ ẹni tó lu ta. Ojú ewé kan máa ń súnmọ́ ìṣẹ́jú kan lórí fíìmù. Bí ìjà bá máa gba ìṣẹ́jú mẹ́rin, ojú ewé mẹ́rin ni kó gbà, kí n rí ẹni tó ṣubú, kí n rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú:

ÌTA. ẸGBẸ́ TÍTÌ. ALẸ́.
Tábìlì onígi. Ìgò kpayo tò lórí rẹ̀. Fìtílà kan láàárín wọn.
Ìgò kan gbọ̀n.
Gbogbo wọn gbọ̀n. Bẹntiróòlù inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í hó.
Ọmọbìnrin tó ń tà á gbójú sókè. Ìmọ́lẹ̀ funfun kọjá lójú rẹ̀, láti òsì sí ọ̀tún.
Ẹ́ńjìnnì gbogbo zém (ọ̀kadà) tó wà lójú títì kú lẹ́ẹ̀kan náà.
Lókèèrè, ìró kan. Ọmọbìnrin náà kò sá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ìgò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Iná kan tí ẹnì kan gbé kọjá, ẹ̀rọ kan tó ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, iṣẹ́ alẹ́ kan. Èmi á fi kọ̀ǹpútà ṣe híhó yẹn níwọ̀nba. N kò fi ọkọ̀ òfuurufú kankan hàn. Mo ṣì gbà pé kó yọ ọ́ kúrò o, kó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ nìkan títí dé ìparí.

Ará Òkè (Ṣábẹ̀ẹ́)

Fìtílà láàárín ìgò kpayo kẹ̀? Ọmọbìnrin yẹn á ti jóná kí àjèjì rẹ tó balẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì ni kí o fi síbẹ̀.

Ó dára púpọ̀ ju ti tísà lọ ṣá. Tísà, kò dà bí ẹni pé o ti gun òkè wa rí. Òkúta tó dán bí orí apárí ni wọ́n, wọ́n dìde dúró ṣánṣán láàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ṣọ́jà kankan ò lè gun un, ẹsẹ̀ ni wọ́n máa fi gùn ún, ìbọn lọ́rùn, òógùn lójú, bàtà ń yọ̀. Ìjà tìẹ nìyẹn, ọ̀fẹ́ ni. Ìró máa ń lu àwọn òkúta yẹn pa dà, o lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn kí o má mọ ibi tó wà. Tísà Pobè sọ̀rọ̀ ìró lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni kó o lò ó. Ojú irin náà tún gba ìlú wa kọjá, nínú gbogbo ojú ewé tí o sọ, o ò dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ńkọ́? Ará Ṣábẹ̀ẹ́ kì í sọ̀rọ̀ bí ará Àjàṣẹ́. Bí àwọn ọmọ inú eré rẹ bá ń sọ Yorùbá tó jọ ti rédíò Ìbàdàn, àwa níbí á rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, fíìmù ìjà ẹ á di àwàdà.

Akọ̀wé Wàndó (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Montáàjì, mo kí yín, ẹ ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Híhó tí ẹ fi síbẹ̀ bá físíìsì mu pàápàá: bí agbára afẹ́fẹ́ tó ń tẹ ohun olómi bá lọ sílẹ̀ lójijì, ó lè hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Nǹkan tó ń kọjá lókè ló ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nílẹ̀. Mo ti rí ìdí tí ẹ́ńjìnnì fi kú: kò rí afẹ́fẹ́ tó máa bá epo jó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ inú eré mi ṣe máa mọ̀ pé ó tún ń bọ̀. Wọ́n á máa gbé ìgò kpayo kan káàkiri, wọ́n á máa wo inú rẹ̀.

Ọmọ Kétu l'Ékòó

Ìgò yẹn ló jẹ́ fíìmù o. Kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó sùn.

Ìyá Ẹ̀fẹ̀ (Kétu)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Òṣèré ni mí, ẹni tó ń ka ohun tí ẹ kọ síta. Ohun méjì ló mú mi dá sí i.

Rọ́bọ́ọ̀tì tó dé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sórí. Ọmọ mi, yọ ọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti fẹ́ kí fíìmù òun dà bí tilẹ̀ wa ló ń sáré lọ gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lé nǹkan lórí. Ilé wa níbí ló ti ṣẹ̀. Àwọn ìyá wa la fi ń tù. Ó lójọ́, ó ní orin, ó ní àwọn tó ni ín. Bó bá pọn dandan kó wà nínú ìtàn rẹ, wá sí Kétu, jókòó ti àwọn tó ni ín, kí wọ́n sọ èyí tó ṣeé fi hàn àti èyí tí kò ṣeé fi hàn. Bí kò bá pọn dandan, fi í sílẹ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì rẹ kò sunkún aṣọ.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, èdè. Ilé-iṣẹ́ yẹn ní kó di Faransé. Mo ti ṣeré lédè méjèèjì. Ẹ̀yin ẹ kọ ìjà tí ẹnì kan ti ń kígbe lédè Faransé ìwé sí ọmọ tó ń gbé kpayo, kí ẹ wò ó bóyá òṣèré kankan lè sọ ọ́ kó dun. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, èdè ìyá rẹ̀ ló máa fi pariwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá ń kọ ọ́, rántí pé àwa tó kàwé Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi kọ́ wa. Àwọn tó ti Nàìjíríà wá, ẹ àti ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Mo ti rí òṣèré tó di ìwé mú lójú kámẹ́rà tí kò lè kà á. Tẹ irú méjèèjì, kí o bi olúkúlùkù èyí tó fẹ́.

Montáàjì229 (Kùtọnu)

Ìyá mi, mo kúnlẹ̀. Zangbeto ńkọ́? Àjàṣẹ́ ló wà, ó ń yí, wọ́n á gbé e sókè, kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Ó ju rọ́bọ́ọ̀tì lọ, kò sì ná wa ní nǹkan kan.

Ìyá Ẹ̀fẹ̀ (Kétu)

Ohun tí mo sọ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ni. Ṣé torí pé kò ná yín lówó lẹ ṣe fẹ́ ẹ?

Alájàṣẹ́ Paris

Mo fara mọ́ ìyá lórí aṣọ. Lórí èdè, n kò fara mọ́ ọn tán. Ọ̀rọ̀ ẹnu kó wà ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kí tísà ṣe ẹ̀dà Faransé tó já gaara, torí òun ni àwọn tó ń fúnni lówó máa kà. Àjọ OIF, ti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, ní owó ìrànwọ́ kan, Fonds image de la Francophonie, tí àwọn olùṣe fíìmù láti orílẹ̀-èdè bíi tiwa lè béèrè fún. Bẹ̀nẹ̀ wà nínú OIF. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ìdí kan nìyí tí n ò fi ní sọ fún tísà pé kó kó lọ sí Èkó: ìwé ìrìnnà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀kùn tí àwọn ará ibẹ̀ kò ní. Ó kàn jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù ló máa gbé ìbéèrè náà lọ, kì í ṣe òǹkọ̀wé tó dá dúró. Torí ìyẹn, má ṣe ilẹ̀kùn àárín ìwọ àti ilé-iṣẹ́ Kùtọnu yẹn ní títì pa. Bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ ohun tó ní.

Kí tísà má sì jókòó de ojú ewé 118 o. Kó fi ìgò kpayo yẹn ṣe fíìmù kúkurú ná. District 9 tó jáde ní 2009, tó sì dé ìdíje Oscar fún fíìmù tó dára jù, fíìmù kúkurú kan ló ti hù, Alive in Joburg, bí ìṣẹ́jú mẹ́fà. Pumzi tí Wanuri Kahiu, ará Kẹ́ńyà, ṣe ní 2009, bí ogún ìṣẹ́jú ni, ìtàn ayé tí omi ti tán nínú rẹ̀. Ó dé àjọ̀dún fíìmù Sundance ní Amẹ́ríkà. Èyí tó bá ṣe, àjọ̀dún fíìmù nílé ní Bẹ̀nẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gbé e lọ, kó tó máa wo FESPACO, àjọ̀dún fíìmù Áfíríkà ní Ouagadougou, tàbí àjọ̀dún fíìmù kúkurú ti Clermont-Ferrand ní Faransé níbí.

Ọmọ Kétu l'Ékòó

Fíìmù kúkurú kì í sanwó fún òǹkọ̀wé. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bó bá jẹ́ pé jíjẹun ló ń béèrè, kó kọ fíìmù ìjà tí ènìyàn mẹ́fà àti ibi mẹ́ta máa tó fún. Ẹ wo àwọn ti Wakaliga ní Kàmpálà. Nabwana àti àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ṣe Who Killed Captain Alex ní 2010, kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò jọ fúnra wọn ni wọ́n fi ṣe ìbúgbàù rẹ̀, ìbọn tí wọ́n rọ ni wọ́n gbé. Ìbúgbàù náà kò jọ òótọ́ rárá, gbogbo ayé sì wò ó.

Alájàṣẹ́ Paris

Nabwana fúnra rẹ̀ ló kọ, òun ló darí, òun ló gé e. Kò sẹ́ni tó pè é wá kọ̀wé. Ìwọ náà ń sọ pé kí tísà di gbogbo rẹ̀ pọ̀ nìyẹn.

Ọmọ Kétu l'Ékòó

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tó ń kọ̀wé nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbàgbé.

Tísà Pobè

Ẹ ti gba ibi tó jìn lọ. Ọmọkùnrin yìí níṣẹ́ lọ́wọ́, kò sí ebi nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ó fi owó oṣù ṣe fíìmù kúkurú kẹ̀? Mo gba ti BUBEDRA tí ẹ tún ṣe o, ọmọ Paris, o ṣeun. Ìbéèrè tèmi: wọ́n ní kí ó tún un kọ, ṣé 200,000 náà ni wọ́n máa fi san títúnkọ? Ìgbà mélòó?

Ọmọ Kétu l'Ékòó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fọwọ́ kan egbò. Bí ìwé kò bá dárúkọ iye ìgbà, á tún un kọ títí ojú á fi fọ́. Kí wọ́n pín owó sí ìpele: èyí tí wọ́n máa san lọ́jọ́ ìbuwọ́lùwé, èyí tí wọ́n máa san nígbà tó bá gbé àtúnkọ àkọ́kọ́ dé, èyí tí wọ́n máa san ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí kámẹ́rà bá yí. Àtúnkọ kan wà nínú owó, èyí tó bá lé, owó rẹ̀ ọ̀tọ̀.

Kí wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kò ní gbé ìwé náà fún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà láti tún kọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé-iṣẹ́ kan ṣe é fún èmi, wọ́n dá ìwé mi pa dà, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bákan náà bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Ohun tó wà lára ohun tí àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2023 nìyẹn, láti May títí wọ September, ọjọ́ 148. Àdéhùn tí wọ́n gbà pa dà sọ pé ẹ̀rọ kì í ṣe òǹkọ̀wé.

Akọ̀wé Wàndó (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú àdúrótì. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Olórí wọn kọ́kọ́ bínú pé ta ló ń kọ́ mi. Mo ka ojú ewé tuntun náà fún un, ti ìgò kpayo, mo ti fi tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé kí ló kù. Ó ti gbà pé kó jẹ́ owó ìdìmú, oṣù 12, àmọ́ 100,000 ni, kì í ṣe 200,000. Ó gbà pé kí ọ̀rọ̀ ẹnu wà ní Yorùbá bí ẹ̀dà Faransé bá wà. Ìmọ́lẹ̀ nìkan la máa rí títí di ojú ewé 90, lẹ́yìn náà nǹkan náà á fara hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lórí afárá. Kò gbà pé apá kejì jẹ́ tèmi. Rọ́bọ́ọ̀tì ti bọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìyá mi.

Ṣé kí n jà lórí apá kejì yẹn, àbí kí n fi sílẹ̀?

Montáàjì229 (Kùtọnu)

Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí afárá, mo lè ṣe ìyẹn. Kó jẹ́ alẹ́, kí ọ̀sà wà nísàlẹ̀, kí n máa fi òjìji rẹ̀ hàn nínú omi kí ó tó jáde. Sọ fún wọn pé kí wọ́n pè mí.

Ará Òkè (Ṣábẹ̀ẹ́)

Wá gun òkè kí o tó tún un kọ. Má wá lọ́sàn-án.

Ọmọ Kétu l'Ékòó

Jà. Tí o kò bá lè gbà á tán, kí wọ́n kọ ọ́ pé ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè láti kọ apá kejì, àti pé bí wọn ò bá ṣe é láàárín ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí àkọ́kọ́ bá jáde, ẹ̀tọ́ rẹ̀ pa dà sí ọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gba èkejì yẹn torí wọ́n rò pé ọdún mẹ́ta jìnnà. 100,000 kò burú fún oṣù 12, bí iye tí wọ́n máa san tí wọ́n bá rí owó bá ti wà nínú ìwé kan náà, ní nọ́ńbà, láìsí "a ó jọ jíròrò". Má buwọ́ lù ú lọ́dọ̀ wọn. Gbé e wálé, kí o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀, gbogbo ojú ewé, títí kan èyí tí wọ́n ní kò ṣe pàtàkì.